Gírámà Jàpáánì fún ìdánwò JLPT: ibi tí Yorùbá ti ń gbè wá, àti ibi tó ti ń tì wá ṣubú

Nínú ìdánwò JLPT, ìyẹn ìdánwò èdè Jàpáánì fún àwọn tí kì í ṣe èdè abínibí wọn, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí ẹ kọ àròkọ. Wọ́n á to ìdáhùn kalẹ̀, ẹ ó mú ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ èyí máa ń rò pé ó rọrùn, títí tó fi máa rí i pé méjì nínú ìdáhùn mẹ́rin náà ló ní ìtumọ̀ kan náà létí òun. Ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù sí ọmọ Yorùbá ni ibi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó wa, tí Jàpáánì sì ń lo méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé gírámà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó wà lọ́wọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka àlàyé Gẹ̀ẹ́sì, á tún un rò ní Yorùbá nínú ọkàn rẹ̀, láìmọ̀ pé ìyàtọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ti jò dànù lójú ọ̀nà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ máa kọ àlàyé yín ní Yorùbá tààrà, kí ẹ sì to ẹ̀kọ́ yín yí ká àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń pín sí méjì wọ̀nyí. A kò ní fi lẹ́tà ABD kọ Jàpáánì níbí, nítorí kò sí irú rẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹni tí kò bá tíì lè ka hiragana, ìyẹn lẹ́tà ìpìlẹ̀ Jàpáánì, kí ó lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ̀ ọ́n ná.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ bí ìdánwò náà ṣe rí. Ìpele márùn-ún ló ní, N5 ló rọrùn jù, N1 ló le jù. Ọdún 1984 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpele mẹ́rin. Ní 2010 ni wọ́n tún un tò, tí wọ́n sì fi N3 sí àárín. Láti ìgbà yẹn, àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kì í gbé àkójọ gírámà jáde mọ́. “Gbogbo gírámà N3” tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń tẹ̀wé ló fojú bù ú. Ó wúlò, àmọ́ tí àkójọ méjì kò bá dọ́gba, ẹ má jẹ́ kó gbà yín lóorun. Máàkì 180 ni gbogbo rẹ̀. N5 ń fẹ́ 80, N4 ń fẹ́ 90, N3 ń fẹ́ 95, N2 ń fẹ́ 90, N1 ń fẹ́ 100. Apá kọ̀ọ̀kan tún ní iye tirẹ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jábọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: láti N3 sókè, 19 nínú 60 ní apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ní N5 àti N4, 38 nínú 120 fún ọ̀rọ̀, gírámà àti ìwé kíkà tí wọ́n dà pọ̀, àti 19 nínú 60 fún ìtẹ́tísílẹ̀. Ẹni tó ní 120 lápapọ̀, tó sì ní 17 nínú ìtẹ́tísílẹ̀, ó fìdí rẹmi. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo.

“Ní” ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbé ní Ọ̀fà. Mo ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà. Ọ̀kan náà ni lẹ́nu wa. Ní Jàpáánì, オッファに住んでいます ni ti àkọ́kọ́, オッファで働いています ni ti èkejì. に wà fún ibi tí nǹkan wà tàbí tí èèyàn ń gbé (ある, いる, 住む), àti ibi tí ìrìn parí sí. で wà fún ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Títí débẹ̀, kò sí wàhálà. Ìdẹkùn wà nínú ある. Ìwé wà lórí tábìlì: つくえの上に本がある. Àmọ́ tí ohun tó “wà” bá jẹ́ ìpàdé, ìgbéyàwó tàbí ìdánwò, tó túmọ̀ sí pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ ṣe é níbẹ̀, で ni: けっこんしきはオムアランである. Ẹni tó ti há a sórí pé ある máa ń gba に ni ìbéèrè yìí ń dọdẹ.

Ní ti が, を àti は, ará Ìlọrin ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní. Ẹni tó bá ti ka nahwu (gírámà Lárúbáwá) nílé kéwú ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè gbé àmì sí ìparí rẹ̀ láti fi ipò rẹ̀ hàn: èyí ni fā'il tó ṣe nǹkan, èyí ni maf'ūl tí wọ́n ṣe é sí. が ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ti àkọ́kọ́, を ń ṣe ti èkejì. は sì sún mọ́ mubtada', ohun tí a gbé síwájú láti sọ̀rọ̀ lé lórí, tí ìyókù gbólóhùn wá jẹ́ khabar rẹ̀. Kò bára mu délẹ̀délẹ̀, àmọ́ ó ń là wá lójú ju àlàyé ojú ìwé mẹ́ta lọ.

Ẹni tí kò lọ ilé kéwú lè lo akíyèsí alátẹnumọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní sẹ́kọ́ńdírì. “Ta ló wá?” だれが来ましたか. “Adé ló wá.” アデさんが来ました. “Adé ńkọ́?” アデさんは？ “Adé ti wá.” アデさんは来ました. Níbi tí a ti gbé olùwà síwájú “ni”, が ni Jàpáánì ń lò. Níbi tí a ti lè fi “ńkọ́” bi í, は ni. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè bíi だれ tàbí なに kì í gba は láé, nítorí ẹ kò lè sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹ kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: “Olùkọ́ ni mí” ní “ni” nínú, síbẹ̀ 私は先生です ni, nítorí “olùkọ́” ló ṣáájú “ni”, kì í ṣe olùwà. “Èmi ni olùkọ́” ni 私が先生です.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń tò tẹ̀ léra wọn ni ibi tí Yorùbá ti ń gbè wá jù. Mú ìwé wá: 本を持ってくる. Mú un lọ: 持っていく. Ra ẹ̀fọ́ wá: 買ってくる. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń jà pẹ̀lú èyí; àwa kàn ń fi て so ohun tí a ti ń sọ láti kékeré ni. Ohun tó kù ni kí ẹ mọ bí て ṣe ń yí ìró padà: う, つ, る di って, む, ぶ, ぬ di んで, く di いて, ぐ di いで, す di して, àmọ́ 行く yapa, ó di 行って. Ẹ má gbàgbé pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi 食べる kàn ń ju る nù, wọ́n á gba て. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wa ló ń di ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́hùn-ún. “Fi ọ̀bẹ gé e” kò nílò て fún “fi”: ナイフで切る. “Bá a sọ̀rọ̀” náà, “bá” di と: かれと話す.

Ó wá kan “fún”, tó ń kó máàkì lọ láti N4 dé N2. Mo fún un, ó fún mi: “fún” kan náà. Jàpáánì máa kọ́kọ́ bi yín pé ọ̀dọ̀ ta ni nǹkan náà ń lọ. Tó bá ń kúrò lọ́dọ̀ yín, あげる. Tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tàbí lọ́dọ̀ ará ilé yín, くれる. 友だちが妹に本をくれた: ọ̀rẹ́ mi fún àbúrò mi obìnrin níwèé. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n fún, síbẹ̀ くれる ni, nítorí àbúrò yín ni. もらう ni “gbà lọ́wọ́”, に tó máa ń wà níbẹ̀ sì ni “lọ́wọ́” yẹn. Ẹni tó bá ka に yìí sí “fún” máa dorí gbólóhùn kodò. Ẹ so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ て, ẹ ó rí “bá mi ṣe”: 先生に教えてもらった, olùkọ́ ló bá mi ṣàlàyé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe ìbéèrè oníràwọ̀, irú tó ń bẹ nínú gbogbo ìpele, tó máa ń tó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ ó to ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí àyè mẹ́rin, èyí tó bá bọ́ sí àyè ìràwọ̀ ni ìdáhùn:

これは 母が ＿＿ ＿＿ ＿★＿ ＿＿ です。
1 買って　2 市場で　3 布　4 くれた

Aṣọ tí ìyá mi rà fún mi lọ́jà nìyí. Nínú tiwa, “aṣọ” ló ṣáájú, “tí” tẹ̀ lé e, ìyókù wá tò sẹ́yìn. Jàpáánì yí gbogbo rẹ̀ padà: kò sí “tí”, gbogbo àlàyé máa ṣáájú, aṣọ á wá kẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló lè dúró ṣíwájú です? 買って kò lè ṣe é, 市場で kò bá a mu pẹ̀lú これは 母が, くれた kì í lẹ̀ mọ́ です. 布 nìkan ló kù. Kí ló lè ṣáájú 布 láti ṣàpèjúwe rẹ̀? Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní ます: くれた. Kí ni くれた ń gùn? て: 買って. 市場で ló wá ṣáájú. 2-1-4-3. Ìràwọ̀ wà ní àyè kẹta, ìdáhùn ni 4. Ẹ kọ òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kí ẹ tó wo ibi tí ìràwọ̀ wà. Àwọn tó ń tò ó nínú orí lásán ló máa ń tò ó dáadáa tán, tí wọ́n á wá lọ mú 3 nítorí òun ló kẹ́yìn.

“Tí… bá” burú ju “fún” lọ, nítorí mẹ́rin ló pín sí. Ẹ máa wo ìparí gbólóhùn kí ẹ tó wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

と wà fún ohun tó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: このボタンを押すと、電気がつく, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yìí, iná á tàn (bí wọ́n bá mú iná wá, ìyẹn). Lẹ́yìn と, kò sí àṣẹ, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí “mo fẹ́ ṣe”. Tí gbólóhùn bá parí sí てください, ましょう tàbí つもり, ẹ pa と rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

たら gba gbogbo ìyẹn, kìkì kí ohun àkọ́kọ́ ti parí ná: 家に着いたら、電話してください. Tí ìparí bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, た, Yorùbá á fi “tí… bá” sílẹ̀, á lo “nígbà tí” tàbí “bí mo ṣe”: まどを開けたら、雨がふっていた, bí mo ṣe ṣí fèrèsé, òjò ti ń rọ̀. Àwọn tó ń wá “tí… bá” nínú irú gbólóhùn yìí ni kì í mú たら.

なら ń dáhùn ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tàbí tó ń gbèrò: イロリンへ行くなら、バスがいいですよ. Ó ní òun ń lọ Ìlọrin. Ó dáa, kó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ wò ó pé ó máa wọ bọ́ọ̀sì kó tó dé Ìlọrin. Tí ẹ bá fi たら síbẹ̀, ó ti di pé ó dé ná kó tó wá ọkọ̀.

ば ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ so mọ́: 安ければ買う, tí kò bá wọ́n, màá rà á. Ó lè gba ẹ̀bẹ̀ tí apá àkọ́kọ́ bá jẹ́ ipò tí nǹkan wà, bíi 時間があれば、来てください. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹni kan náà fẹ́ ṣe, bíi 着けば, kì í fẹ́ てください lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ padà sí たら.

Àwọn tó kù kò gba àlàyé tó bẹ́ẹ̀. “Ṣí”: ilẹ̀kùn ṣí, ドアが開く, ó ṣí ilẹ̀kùn, ドアを開ける. Ẹ kọ́ wọn ní méjì-méjì, pẹ̀lú が àti を lára wọn, kí ẹ sì fi 開いている (ó wà ní ṣíṣí) àti 開けてある (ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i sílẹ̀) kún un. Ti “iná kú” àti “pa iná”, 消える àti 消す, Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín. “Wọ́n” tí kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó ni れる/られる: wọ́n dá mùsíọ́mù Èsìẹ́ sílẹ̀ ní 1945, エシエの博物館は1945年に作られた. Tí nǹkan bá ṣe yín ní ìbàjẹ́, ẹ̀yin ni Jàpáánì sábà ń gbé síwájú, kì í ṣe nǹkan yín: wọ́n jí fóònù mi, 私は携帯をぬすまれた. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni 雨にふられた, nítorí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ míì máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan wá ìtumọ̀ rẹ̀. Òjò pa mí ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni ó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ilé wa gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà níbẹ̀. Tí àlejò bá béèrè bàbá wa, a ó ní “wọn ò sí nílé, wọ́n ti jáde”. Kò sí ọmọ gidi tó máa ní “ó ti jáde”. Ní Jàpáánì, níwájú àlejò, ńṣe ni wọ́n ń rẹ ará ilé wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé àlejò ga: 父は出かけております. Ẹni tó bá lo いらっしゃる fún bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá iléeṣẹ́ rẹ̀ níwájú ará ìta ti kùnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ á yìn ín. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ni olùwà, ṣé ti wa ni tàbí ti wọn? Ti wọn: いらっしゃる, 召し上がる, おっしゃる, ごらんになる. Ti wa: おる tàbí まいる, いただく, 申す, 拝見する. Bákan náà ni お〜になる jẹ́ ti wọn, お〜する jẹ́ ti wa.

Báwo ni kí ẹ ṣe kà á? Fún kókó gírámà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìlà mẹ́rin sílẹ̀ nínú ìwé yín. Ìlà kìíní: kí ló ń ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe onírú wo, ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú の àbí láìsí の. Ìlà yìí ni àwọn èèyàn ń fò, òun ló sì ń dáhùn ìbéèrè púpọ̀ kí ẹ tó mọ ìtumọ̀ rárá. ふるそうだ, wọ́n ní òjò máa rọ̀. ふりそうだ, òjò ti fẹ́ rọ̀. “る” àti “り” nìkan ló yà wọ́n. Ìlà kejì: ìtumọ̀ ní Yorùbá yín, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ìlà kẹta: gbólóhùn kan láti inú ìwé, àti ọ̀kan tí ẹ fúnra yín ṣe nípa Tanke, ọjà Ìpátà tàbí ibikíbi tí ẹ mọ̀. Ìlà kẹrin: ọ̀tá rẹ̀, ìyẹn èyí tó jọ ọ́ jù, àti ìdí tí kò fi lè rọ́pò rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, lábẹ́ ために, ẹ kọ ように, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ために ń gba ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe (日本へ行くために), ように sì ń gba “lè” àti “má” (読めるように, わすれないように).

Kókó mẹ́ta lójúmọ́ tó, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má fi tuntun kún un. Ẹ ṣe ìbéèrè oníràwọ̀ ogún. Lọ́jọ́ Sunday, ẹ fi aago síwájú, ẹ ṣe apá gírámà àti ìwé kíkà kan látòkèdélẹ̀. Fún àtúnyẹ̀wò, AnkiDroid, áàpù tó ń fi káàdì bi yín ní ìbéèrè, kò náni ní kọ́bọ̀, kò sì nílò dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù. Ẹ má kọ “ために = láti” sórí káàdì; ẹ kọ odindi gbólóhùn, kí ẹ yọ ibi kan kúrò. Káàdì méjì fún kókó kan, mẹ́fà tuntun lójúmọ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àtúnyẹ̀wò á ti gba gbogbo wákàtí tí ẹ ní. Lórí jlpt.jp, àpẹẹrẹ ìbéèrè ti gbogbo ìpele wà lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ohùn. Ẹ wà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́kì bá dáa.

Ìbéèrè tí ẹ bá gbà ńkọ́? Ẹ ṣàlàyé ìdí tí mẹ́ta tó kù kò fi tọ̀nà, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ kò bá lè ṣe é, a jẹ́ pé orí ló bá yín ṣe é, kí ẹ fi kókó náà padà sínú ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sì fi ìwé kan ṣoṣo ṣe ìpìlẹ̀. Ẹni tó ka ìdajì ìwé mẹ́ta ti ka ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni.

Ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú July àti December ni wọ́n ń ṣe ìdánwò náà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń ṣe méjèèjì. Orúkọ àwọn ìlú tó ń ṣe é wà lórí jlpt.jp. Ẹ wò ó kí ẹ tó ṣírò owó ọkọ̀. Oṣù bíi mélòó kan ṣáájú ni fọ́ọ̀mù máa ń tì.

Nínú gbọ̀ngàn, gírámà àti ìwé kíkà jọ ń pín àkókò ni: ìṣẹ́jú 40 ní N5, 55 ní N4, 70 ní N3. Ní N2 (105) àti N1 (110), apá ìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà tún wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú N3. Ìbéèrè kúkúrú tó máa ń tó mẹ́tàlá, ààbọ̀ ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníràwọ̀, ìṣẹ́jú kan. Àyè inú àyọkà, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Kò yẹ kó ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kí àádọ́ta lè kù fún ìwé kíkà. Níbi àyọkà, ẹ ka gbólóhùn tó ṣáájú àyè náà àti èyí tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó wo ìdáhùn, pàápàá tí wọ́n bá ń béèrè しかし, だから tàbí それに. Tí ó bá jẹ́ この, その àti あの ni wọ́n tò kalẹ̀, tí àyè náà sì ń tọ́ka sí ohun tí àyọkà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ, ẹ kọ́kọ́ dán その wò. あの ń fẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí kì í sì í ṣẹlẹ̀ nínú àyọkà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí.